Ẹni tí kò bá wá síbi iṣẹ́ igbó àti odò, ṣé ká gba owó lọ́wọ́ rẹ̀?

Ìbéèrè: "Abúlé kan ní Òkè-Ògùn ni mo ti ń kọ̀wé. Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn la dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pé ká máa tún ọ̀nà oko ṣe, ká máa ṣọ́ odò tí à ń pọn, ká sì máa ro ààlà iná, ìyẹn ilẹ̀ tí a ro kí iná má bàa kọjá, yí oko kájú po kí ọyẹ́ tó dé. Lọ́dún àkọ́kọ́, ó lé ní ọgọ́ta èèyàn tó gbé àdá jáde. Lọ́dún tó kọjá, mọ́kànlá péré ni wá. Àwọn kan ní ká máa gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà lọ́wọ́ ẹni tí kò bá wá. Àwọn mìíràn ní kí àwọn ọmọ wa tó wà ní Ìbàdàn àti Èkó dá owó, ká fi gba lébìrà. Àwọn àgbà kan ní iṣẹ́ káńsù ni, ká fi sílẹ̀ fún káńsù. Kí lẹ rí sí i?"

Ẹ má gba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Fáìnì ló ń pa irú ẹgbẹ́ yìí kíákíá jù.

A gbà á rí lábúlé wa. ₦500 la fi bẹ̀rẹ̀, ó di ₦1,000. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ̀rù ba àwọn èèyàn, wọ́n wá. Nígbà tó di ọdún kejì, ẹni tó ń ra kájú, ẹni tó ní mọ́tò, ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn ń fi owó ránṣẹ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ iṣẹ́ tó mọ́. Lójú tiwọn, wọ́n ti ṣe ojúṣe wọn. Àwọn tí kò ní ẹgbẹ̀rún kan lọ́wọ́ ló kù nínú koríko. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá là á mọ́lẹ̀ nípàdé pé, "Ẹ ti sọ wá di ìwọ̀fà àwọn olówó." Kò sẹ́ni tó rí èsì fọ̀ fún un. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìjà owó bẹ̀rẹ̀: ta ló san, ta ni kò san, èló ló kù lọ́wọ́ akápò. Akápò wa kò jí kọ́bọ̀, mo lè búra fún un, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò gún, ìtìjú sì lé e kúrò nínú ẹgbẹ́. Lọ́dún kẹta, a ò ro ààlà iná rárá.

Ohun tá a padà ṣe nìyí. Ẹni tó bá pa ọjọ́ kan jẹ, gbèsè ọjọ́ kan ló jẹ, ara rẹ̀ ni yóò sì fi san án. A óò kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, a óò fi ìwọ̀n ilẹ̀ tó kàn án sílẹ̀ dè é, kó wá ro ó kí oṣù tó pé. Aláìsàn, ìyá ọlọ́mọ tuntun, ẹni tí òkú kú fún, kò kàn wọ́n. Àgbà tí agbára ti tán lára rẹ̀, ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ rẹ̀ lè dúró fún un. Bí kò bá ní, kó wá jókòó sábẹ́ igi, kó máa júwe ibi tí ààlà àtijọ́ gbà fún wa. Iṣẹ́ nìyẹn pẹ̀lú. Àáró ni gbogbo èyí. Àwọn bàbá wa kì í gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá jẹ wọ́n ní àáró, ara rẹ̀ ni wọ́n ń retí lóko.

* * *

Olùkọ́ kan fèsì pé òun kò lè fi kíláàsì sílẹ̀ lọ ro ilẹ̀ ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, pé owó ìtanràn ló rọrùn fún òun, kí ló wá burú níbẹ̀?

Ohun tó burú níbẹ̀ ni ọjọ́ tí wọ́n mú, kì í ṣe ìwọ olùkọ́. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ló ń kú nítorí ọjọ́. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń mú Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù, nítorí pé àṣà gbálẹ̀-gbálẹ̀ tí ìjọba ológun gbé dé ní 1984 ṣì wà lórí wa. Ẹ rántí bó ṣe rí: aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, kẹ́nikẹ́ni má jáde, ọlọ́pàá ń mú ẹni tó bá rìn. Ọ̀pọ̀ èèyàn kàn ti ilẹ̀kùn mọ́rí, wọ́n tún sùn. Gọ́tà kò mọ́ jù bó ṣe wà lọ. Nígbà tó yá, ilé ẹjọ́ ní Èkó sọ pé kò bófin mu láti sé èèyàn mọ́lé nítorí gbálẹ̀-gbálẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà sì fi òpin sí i ní 2016. Bí ìjọba tó ní ọlọ́pàá kò bá lè fi tipátipá mú èèyàn gbálẹ̀ iwájú ilé ara wọn, kí ni ẹgbẹ́ abúlé yóò fi mú wọn wọ inú igbó?

Lábúlé, Sátidé ni ọjọ́ òkú, ìgbéyàwó àti ìkómọ. Ọjọ́ kejì ọjà làwa mú. Owó ọjà ti wọlé, ẹsẹ̀ ti sinmi díẹ̀, kò sẹ́ni tó ń kánjú lọ síbì kan. Bó bá bọ́ sí Jímọ̀ tàbí Sọ́ńdè, a ó mú ọjọ́ mìíràn. Ìdájí la ń bẹ̀rẹ̀, a kì í kọjá aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Wákàtí mẹ́ta péré. Ẹni tó bá mọ̀ pé òun yóò padà ráyè lọ sóko tirẹ̀ yóò wá. Ẹni tó bá rò pé ọjọ́ òun ti bàjẹ́ kò ní wá. Ní ti ìwọ olùkọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin la ń ṣe iṣẹ́ ńlá lọ́dún, méjì nínú rẹ̀ á bọ́ sí ìgbà tí ẹ wà nílé. Wá ṣe méjì yẹn. Kò sẹ́ni tí yóò kọ orúkọ rẹ.

* * *

Ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ káńsù, nítorí pé òun ló gba èsì tó pọ̀ jù, ohùn sì ti ń ga.

Òtítọ́ ni àwọn àgbà yẹn sọ. Ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, ní Àfikún Kẹrin, ka ṣíṣe ọ̀nà, títún un ṣe àti gọ́tà mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Láti July 11, 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà, ariwo "ẹ fi í sílẹ̀ fún káńsù" tún wá pọ̀ sí i.

Ẹ fi ti káńsù sílẹ̀ fún káńsù, kí ẹ sì ṣe tiyín. Ibi tí omi ti gé ọ̀nà tó nílò kọ́fátì, ibi tí kátápílà gbọ́dọ̀ wọ̀, ẹ má fi ẹ̀yìn yín tún un ṣe. Bí ẹ bá fi yàǹgí dí i lónìí, òjò kan ni yóò gbé e lọ, káńsù yóò sì sọ pé ẹ ti tún un ṣe. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ so fọ́tò mọ́ ọn, ẹ kọ déètì sí i, ẹ gba òǹtẹ̀ wọn sára ẹ̀dà tiyín. Ṣùgbọ́n iná kì í dúró de lẹ́tà. Omi tí ọmọ yín yóò mu láàárọ̀ ọ̀la kì í dúró de ìpàdé káńsẹ́lọ̀. Ìyẹn ni tiyín.

Àwọn ohun kan wà tó kọjá agbára abúlé, ẹ má fi pa ara yín. Ẹ wo igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Hẹ́kítà 75 ni, àwọn olórìṣà, Susanne Wenger, òyìnbó oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Àdùnní, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ dáàbò bò ó títí UNESCO fi kà á mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Ẹnìkan kì í gé igi níbẹ̀, wọn kì í dẹdò, wọn kì í ṣọdẹ. Síbẹ̀, omi Ọ̀ṣun pọ́n, ó dà bí omi ẹrẹ̀, nítorí àwọn tó ń wa góòlù lókè odò, lápá Iléṣà. Nígbà ọdún 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún kí wọ́n má mu omi náà. Kò sí àdá tàbí ọkọ́ abúlé tó lè tọ́jú ìyẹn. Ìjọba ló ní í.

Ohun kan kù tí mo gbọ́dọ̀ sọ. Lọ́dún ìdìbò kan, olóṣèlú kan kó ogún àdá wá fún wa, ó lẹ àwòrán ara rẹ̀ mọ́ èèkù wọn. Inú wa dùn, a pín in. Ní ọjọ́ iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, ìdajì abúlé kò wá. Àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú kejì ní àwọn kò ní di àdá ọ̀tá àwọn mú. Odindi ọdún kan la fi tún ohun tí ogún àdá bà jẹ́ ṣe. Bí ẹlòmíràn bá kó wá, ẹ dúpẹ́, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó bá yín fi sí ilé ìwé.

* * *

Iná ni kókó ọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ sọ ọ́.

Kájú ń tanná lásìkò ọyẹ́ gan-an. Iná kan ṣoṣo tó bá gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lákòókò yẹn, owó ọdún yẹn ti lọ, ká má tíì sọ ti igi tó bá kú. Àwọn àgbẹ̀ kòkó tó ti dàgbà kò gbàgbé ọ̀dá 1983, nígbà tí iná wọ oko tí òjìji rẹ̀ tutù tó bẹ́ẹ̀ tí kò sẹ́ni tó rò pé iná lè débẹ̀.

Ààlà iná kì í ṣe ká kàn bẹ́ koríko lulẹ̀. Koríko tí a bẹ́ tí a fi sílẹ̀ síbẹ̀, igi ìdáná la tẹ́ de iná. Ẹ bẹ́ ẹ, ẹ kó o kúrò, ẹ fi ọkọ́ ha ilẹ̀ títí erùpẹ̀ yóò fi hàn. Iṣẹ́ oṣù kọkànlá nìyẹn. Lẹ́yìn náà, ẹ padà wá lóṣù kejìlá, ẹ fi ìgbálẹ̀ gbá a, nítorí pé igi ń wọ́wé nígbà ọyẹ́, ewé gbígbẹ yóò sì ti bo ojú ààlà yín. Gbígbá yìí ni ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ kì í padà wá ṣe, iná á wá rìn lórí ewé kọjá bí ẹni rìn lórí afárá. Ní ti fífẹ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá ń tó wa níbi tí koríko kúrú. Níbi tí eèsún bá ti ga ju èèyàn lọ, a máa ń sọ ọ́ di ogún. Ẹ má sì bẹ̀rẹ̀ láti òfìfo: odò, ojú àpáta àti ọ̀nà ọ̀kadà, ààlà ni gbogbo wọn. Nígbà tí a wá so ààlà wa mọ́ àpáta, iṣẹ́ dín kù sí bí ìdajì.

Ẹnìkan béèrè ìdí tí a fi ń fi ọkọ́ dá ara wa lóró nígbà tí oògùn koríko wà. Oògùn ń pa koríko, kì í kó o kúrò. Ẹ fọ́n ọn lóṣù kọkànlá, ẹ ó ní koríko gbígbẹ lóṣù kejìlá, ohun tí iná ń wá gan-an. Lójú ọ̀nà, bí gbòǹgbò bá ti kú, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò wọ́ ilẹ̀ lọ. Létí odò, ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Bí ẹnìkan bá sì gbé oògùn koríko tí wọ́n ń pè ní paraquat wá, ẹ dá a padà: NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ 2024.

Wàyí o, ìjà ńlá. Èsì tó lé ní ogún ló sọ pé kí abúlé fòfin de iná pátápátá, kí wọ́n sì mú ẹni tó bá dá a. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò bí àwọn kan nínú, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ ọn. Nínú igbó ìjọba tó wà ní Olókèméjì, láàárín Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta, àwọn onímọ̀ igbó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò kan ní 1929. Wọ́n pín ilẹ̀ sí ọ̀nà mẹ́ta. Apá kan, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn. Apá kejì, ó di ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí gbogbo nǹkan ti gbẹ, kí wọ́n tó sun ún. Apá kẹta, wọn kò jẹ́ kí iná débẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, ibi tí iná kò dé ti di igbó. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, koríko ló gbà á, igi díẹ̀ tó lè fara da iná ló kù. Ibi tí wọ́n ń sun ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, igi ibẹ̀ pọ̀ ju ti ìparí ẹ̀ẹ̀rùn lọ. Iná oṣù kọkànlá tàbí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá kò gbóná tó iná oṣù kejì àti ìkẹta, nítorí pé omi ṣì kù nínú koríko.

Nítorí náà, bí ibi kan bá wà tí ẹ mọ̀ pé yóò jó láìsí àní-àní, ẹ jẹ́ kó tètè jó lójú yín. Ọdẹ tó ń fi iná lé ọ̀yà jáde kò ní tìtorí ìwé òfin ẹgbẹ́ jáwọ́. A gbé orógbó àti obì lọ sọ́dọ̀ Olúọdẹ, a jókòó tì í. Ohun tí a jọ fẹnu kò sí ni pé pápá ìṣọdẹ wọn yóò jó láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ní ìparí oṣù kọkànlá, ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí atẹ́gùn bá rọ̀, kí èèyàn mẹ́wàá ó kéré tán dúró pẹ̀lú ẹ̀ka tútù, kẹ́ẹ̀gì omi àti pọ́ǹpù tí a fi ń fọ́n oògùn, lẹ́yìn tí a bá ti ṣan án dáadáa. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yẹn, ọdẹ fúnra wọn ló ń ṣọ́ igbó. Wọ́n mọ ojú ọ̀nà òru jù wá lọ. Kí ẹ tó dán èyí wò, ẹ sọ fún àwọn abúlé tó yí yín ká àti ọ́fíìsì igbó tó bá súnmọ́ yín, nítorí iná kò mọ ààlà abúlé.

* * *

Ọ̀pọ̀ nínú èsì yẹn ní darandaran ló ń sun igbó, pé ọ̀rọ̀ ti tán.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tọ ipa iná kí ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni. Láàárín ọdún méjì, iná mẹ́rin ni mo tọpa rẹ̀ fúnra mi títí dé ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti darandaran tó fẹ́ kí koríko tútù hù. Ọ̀kan, ẹni tó lọ ko oyin ló sọ ògùṣọ̀ sílẹ̀. Méjì tó kù, àwa àgbẹ̀ la dá wọn: a sun oko, a lọ sílé jẹun. Ìtìjú ńlá ni fún mi láti sọ ọ́ nípàdé, nítorí pé ẹbí mi ni ọ̀kan nínú wọn.

A ké sí Séríkí, olórí gáà àwọn Fúlàní darandaran tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó wá. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ́kùnrin méjì láti gáà máa ń bá wa gbá ààlà lóṣù kejìlá, àwa náà sì fi ibi tí màlúù lè gbà dé odò sílẹ̀, nísàlẹ̀ ibi tí à ń pọn. Kì í ṣe pé gbogbo ìjà tán. Ṣùgbọ́n a ní nọ́ńbà wọn, wọ́n ní tiwa, bí èéfín bá yọ lóru, a mọ ẹni tí a ó pè.

* * *

Odò. Obìnrin kan kọ̀wé pé ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, bẹ́ẹ̀ obìnrin àti ọmọdé ló ń pọn omi. Òótọ́ ni, ẹ ṣeun, Màmá.

Ẹni tí wọ́n bí lẹ́yìn 2000 lè má mọ sòbìà. Àwa tó mọ̀ ọ́n kò lè gbàgbé: kòkòrò gígùn bí okùn tó ń yọ jáde lẹ́sẹ̀ èèyàn, tó ń dá àgbẹ̀ jókòó sílé ní ìgbà ìkórè. Nígbà tí wọ́n kà á jákèjádò Nàìjíríà ní ìparí àwọn ọdún 1980, ó lé ní 650,000 èèyàn tó ní i. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára fún un. Kò sí oògùn tó ń pa á. Bí ẹni tó ní i bá ti ẹsẹ̀ bọ odò, kòkòrò náà á tú ọmọ rẹ̀ sínú omi, ẹni tó bá mu omi náà á sì gbé e lọ. Ohun tó lé e lọ ni aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga, oògùn tí wọ́n ń dà sí omi adágún, àti àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ní abúlé kọ̀ọ̀kan tó ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé, tí wọ́n ń di egbò, tí wọ́n sì ń bẹ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ wú pé kó má wọ odò. Oṣù kọkànlá 2008 ni wọ́n rí ẹni ìkẹyìn tó ní i ní Nàìjíríà, ní ìpínlẹ̀ Enugu. Ní 2013, àjọ ìlera àgbáyé kéde pé ó ti kúrò lórílẹ̀-èdè yìí. Ìyá mi wà lára àwọn tó ń pín aṣọ asẹ́ lábúlé wa. Mi ò rántí pé ẹnikẹ́ni san owó ìtanràn.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí àwọn obìnrin ṣe alákòóso odò, kì í ṣe kí wọ́n máa se oúnjẹ fún àwọn tó ń ṣàkóso. Tiwa pín odò sí mẹ́ta: òkè fún pípọn, àárín fún ìwẹ̀ àti aṣọ, ìsàlẹ̀ fún màlúù àti ọ̀kadà. Pọ́ǹpù oògùn kò gbọ́dọ̀ dé èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àwọn ló ní kí á máa kó ewé àti ẹrẹ̀ jáde lójú omi ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé. Àwọn náà ló kọ̀ nígbà tí àwa ọkùnrin fẹ́ gé igi tó bo orísun pé ó ń mu omi. Wọ́n ní odò tí oòrùn bá là lórí yóò gbẹ. Igi náà ṣì wà níbẹ̀, omi kò tíì gbẹ.

* * *

Ní kúkúrú lórí igi gbígbìn, torí pé ẹni mẹ́ta béèrè bóyá kí wọ́n lọ gba ọmọ igi tííkì ọ̀fẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ tọ́jú èyí tó ń hù fúnra rẹ̀. Igi ẹ̀mí, igbá àti ayán tí àwọn eléèédú gé, kùkùté wọn kò kú. Wọ́n ń ru. Ẹ yan ẹ̀ka méjì tàbí mẹ́ta tó gún, ẹ gé ìyókù, ẹ fi àmì sí i kí alágbàro má bàa bẹ́ ẹ. Ọ̀nà yìí ni àwọn àgbẹ̀ orílẹ̀-èdè Niger fi dá igi padà sórí ilẹ̀ tó tó mílíọ̀nù márùn-ún hẹ́kítà, láìgbin púpọ̀. Tííkì dára fún ẹni tó fẹ́ ta pákó. Kò ní fún ìyàwó yín ní irú, kò sì ní fún un ní òrí.

* * *

Arákùnrin kan tó wà ní Manchester kọ̀wé pé níbi tóun wà, àwọn òyìnbó tó ti fẹ̀yìn tì ń pàdé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, wọ́n ń tún ọ̀nà inú igbó ṣe, kò sẹ́ni tó ń ta wọ́n lówó. Òun náà ń bá wọn lọ. Ó ní kí ló ń ṣe wá?

Inú mi dùn pé ó ń lọ. Ṣùgbọ́n kó rántí pé wọ́n ti pẹ́ nídìí rẹ̀: 1959 ni àwọn olùyọ̀ǹda àkọ́kọ́ nínú ẹgbẹ́ wọn tó lókìkí jù lọ ti lọ gé igbó ní Box Hill, ní Surrey. Àwọn tó sì ń bá rìn, owó ìfẹ̀yìntì ń wọlé fún wọn lóṣooṣù. Ẹni tó ń bá wa ro ààlà, bí kò bá débi oko tirẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, ebi lè dé. Ohun tí mo fẹ́ kó bá wa mú wá láti ibẹ̀ ni ohun tó sọ lẹ́sẹ̀ kan tí kò sì dúró lé lórí: pé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ẹnìkan máa ń ka ewu inú iṣẹ́ ọjọ́ yẹn sétí gbogbo wọn, àpótí ìtọ́jú ọgbẹ́ sì wà nílẹ̀. Àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó yẹ ká máa ṣe é.

* * *

Ìyẹn ló mú mi padà sórí owó àwọn ọmọ yín ní Ìbàdàn àti Èkó.

Lọ́dún 2019, paramọ́lẹ̀ bu ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún kan ṣán nídìí ààlà wa. A gbé e sórí ọ̀kadà. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ kò ní oògùn oró ejò. Ìkejì ní in, ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ rí owó kí wọ́n tó ṣí i, owó náà sì ju ohun tó wà lápò gbogbo wa lọ. Wákàtí méjì la fi ń pe èèyàn lórí fóònù. Ọmọ náà yè. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò padà bọ̀ sípò tán, bàbá rẹ̀ kò sì padà wá síbi iṣẹ́ ẹgbẹ́ mọ́. N kò dá a lẹ́bi.

Owó àwọn ọmọ yín, ibẹ̀ ni kó lọ. Kí wọ́n má fi gba lébìrà. Bí lébìrà bá ti wọ ààlà yín, lọ́dún tí owó kò bá dé, kò sẹ́ni tí yóò ro ó, nítorí ẹ ó ti sọ ọ́ di iṣẹ́ olówó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ra bàtà òjò tó dé orúnkún, ìbọ̀wọ́, tọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n sì fi iye kan pamọ́ sí báǹkì lórúkọ ẹni mẹ́ta, tí wọn kò ní fọwọ́ kàn àfi tí ẹnìkan bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́. Kí ẹ ti béèrè ṣáájú ilé ìwòsàn tó ní oògùn ejò, kí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù ẹni márùn-ún.

Nípa oúnjẹ: ọ̀wẹ̀ ní oúnjẹ, nítorí ẹni kan ló ni oko, òun ló pè wá. Èyí kò ní olóko kan. Kí kálukú jẹun wá látilé. Gààrí, ṣúgà àti omi tútù la máa ń gbé síbẹ̀, ó tó.

* * *

Ẹni tó béèrè padà wá lónìí: "A ti pàdé. A fagi lé fáìnì. Àwọn ọdẹ gbà láti wá, ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn kò ní wá bí àwọn ará gáà bá wà níbẹ̀. Ẹni mẹ́tàlélógójì ló kọ orúkọ. Kí ni ká ṣe lórí ti ọdẹ?"

Ẹ má fipá mú wọn jókòó pọ̀ lọ́dún yìí. Ẹ fún ọdẹ ní apá òkè, ẹ fún gáà ní apá odò, kí ẹ̀yin àgbẹ̀ wà láàárín méjèèjì. Bí ọ̀kan bá parí tirẹ̀, kí baálẹ̀ mú Olúọdẹ àti Séríkí dání, kí àwọn mẹ́ta péré jọ rìn yí gbogbo ààlà ká, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí iṣẹ́ tí ẹnìkejì ṣe.

Mẹ́tàlélógójì pọ̀. Ẹ má retí gbogbo wọn. Bí ọgbọ̀n bá yọjú, iṣẹ́ yóò yá. Ẹ pín in sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, kí ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan mọ igi tó ti bẹ̀rẹ̀ àti igi tó máa parí sí, kí ẹ so aṣọ mọ́ igi náà láti ọjọ́ tó ṣáájú. Ẹ wá sọ fún mi iye àwọn tó padà wá gbá a lóṣù kejìlá.